Òkúta Àrá Àwọn Òyìnbó Kì Í Ṣe Ẹdùn Àrá

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, n kò sì ní tìtorí bẹ́ẹ̀ gbé e mì.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń gbé nílùú Ọba wá kí wa. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ṣàngó, ó sì tú àpò kékeré kan síwájú wọn. Òkúta mọ́kànlélógójì ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n gùn tó ìka ọwọ́, wọ́n rí róbótó, orí wọn ṣe ṣóńṣó bí ọta ìbọn. Òmíràn pọ́n bí oyin, òmíràn rí bí eérú. Ó ní, “Ìyá, ẹdùn àrá ni mo kó wá fún yín o. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣà wọ́n létí òkun. Àwọn òyìnbó fúnra wọn ló ń pè é ní òkúta àrá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi wọ́n kún èyí tó wà lórí odó.”

Ariwo káwòó sọ. Àwọn kan ń ya fọ́tò. Ọ̀gbẹ́ni kan nínú wa, tó ń ta ohun èlò òrìṣà fún àwọn ará òkè òkun, ti ń béèrè iye àpò tí ènìyàn lè ṣà lóòjọ́. Èmi nìkan ni mo ní kí wọ́n má gbé e gorí odó. Ojú ọmọ náà wálẹ̀, inú mi kò sì dùn sí i, nítorí ọkàn rere ló fi gbé e wá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ kiri pé ìwé ti ba orí mi jẹ́, pé òyìnbó ni mo ń gbè lẹ́yìn. Èsì mi rè é.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òkúta náà jẹ́. Belemnite ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá, ó sì tan mọ́ ọ̀kọ̀ tí a ń jù. Ẹran omi ni. Ó ní ọwọ́ mẹ́wàá tí ìkọ́ wẹ́wẹ́ wà lára wọn, ó ní àpò tàdáwà nínú. Ẹni tó bá ti rí ẹran òkun tí wọ́n ń pè ní squid yóò mọ irú ẹ̀yà rẹ̀. Ohun tí à ń ṣà létí òkun kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀. Ẹran ara rẹ̀ ti jẹrà tipẹ́. Ọ̀pá líle tó wà nínú rẹ̀ níhà ìdí ló ṣẹ́kù, èyí tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó ń mú kí ara rẹ̀ dọ́gba bó bá ń lúwẹ̀ẹ́. Bí a bá ṣẹ́ ọ̀pá yìí sí méjì, a ó rí ìlà tó tàn kálẹ̀ láti àárín bí ìtànṣán oòrùn, a ó sì rí òrùka lórí òrùka bíi ti inú igi. Irú ẹran yìí kún inú òkun ní ayé tí wọ́n ń pè ní Jurassic àti èyí tó tẹ̀lé e, Cretaceous. Ó sì parẹ́ pátápátá ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn.

Nígbà tí inú ọmọ náà rọ̀ díẹ̀, ó ròyìn fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣà á. Charmouth ni ó lọ, ìlú kékeré kan létíkun Dorset ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkè amọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Black Ven, tó máa ń ya lulẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀ ọ́ yó. Òkun a gba amọ̀ náà, a fọ̀ ọ́ lọ, a sì fi ohun tó wúwo sílẹ̀ sáàárín òkúta wẹ́wẹ́. Belemnite pọ̀ nínú àwọn ìpele ilẹ̀ náà débi pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ̀kan nínú wọn: Belemnite Marl. Ìgbà òtútù, lẹ́yìn ìjì, ni ó dára jù láti lọ, bí omi bá ti ń fà sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá ṣọ́ àkókò, omi lè padà wá há a mọ́ ìdí òkè. Òfin sì wà. Ẹnikẹ́ni lè mú èyí tó ti já bọ́, tí òkun ìbá fọ́ dànù, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí ènìyàn máa gbẹ́ ara òkè. Ẹni tó bá rí ohun tó ṣọ̀wọ́n ní láti fi tó àwọn tó ń ṣàkọsílẹ̀ létí. Láti ọdún 2001 ni àjọ UNESCO ti ka etíkun náà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Kò jìnnà síbẹ̀ tí ìlú Lyme Regis wà, níbi tí Mary Anning gbé ayé rẹ̀ láti ọdún 1799 títí di 1847. Ọmọ káfíńtà ni. Ṣíṣa irú òkúta wọ̀nyí tà fún àwọn àlejò ló fi ń jẹun. Lọ́dún 1826, ó rí belemnite kan tí tàdáwà gbígbẹ ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Elizabeth Philpot, bu omi sí i, ó pò ó, tàdáwà náà sì jí. Ó mú un, ó fi ya àwòrán àwọn ẹran ayé àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rò ó wò: tàdáwà tí ẹran omi kan kò rí tú jáde kó tó kú, tí obìnrin kan wá fi kọ̀wé ní ayé tiwa yìí. N kò mọ bí ó ti rí lójú yín, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí tí orí rẹ̀ kò wú kò yẹ lẹ́ni tí à ń bá sọ̀rọ̀ nípa ohun mímọ́ rárá.

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọmọ wa sọ pé àwọn òyìnbó ń pè é ní òkúta àrá. Kí ìmọ̀ yìí tó dé, ohun tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ni pé bí mànàmáná bá sán, òkúta yìí ló ń já bọ́. Òjò a fọ ilẹ̀ oko, belemnite a yọjú, àgbẹ̀ a sì sọ pé àrá àná ló jù ú sílẹ̀. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Donnerkeil títí di òní. Donner ni àrá. Keil ni irin tàbí igi ṣóńṣó tí a fi ń la ìtì. Donner yìí kan náà ni orúkọ òrìṣà àrá wọn láyé àtijọ́, òun náà ló sì ni Donnerstag, ọjọ́ tí àwa ń pè ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọjọ́ Jàkúta kò ní ṣàì mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn kan tún ń pè é ní ìka Sátánì. (Sátánì ni mo kọ, n kò kọ Èṣù. Ẹ mọ ìdí rẹ̀.) Ní erékùṣù Skye ní Scotland, wọ́n a rẹ òkúta náà sómi, wọ́n a sì fún ẹṣin tí aràn ń yọ lẹ́nu ní omi náà mu. Ilẹ̀ onígbàgbọ́ ni gbogbo ibi tí mo dárúkọ yìí ní ìgbà tí wọ́n ń ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹdùn àrá ṣe yẹ̀yẹ́ lórí pèpéle ìwàásù, tí ẹ ń sọ pé aláìmọ̀kan nìkan ló ń bọ òkúta, ẹ lọ bi àwọn tó fún yín ní ìwé náà léèrè ohun tí ìyá àgbà wọn ń rẹ sómi. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn wá mọ̀ pé ẹran omi ni òkúta náà, wọn kò dáná sun ún, wọn kò sì bú àwọn baba wọn ní abọgibọ̀pẹ̀. Wọ́n tọ́jú òkúta, wọ́n tọ́jú orúkọ, wọ́n sì tọ́jú ìtàn pé báyìí ni àwọn baba àwọn ti ń sọ. Gbogbo rẹ̀ ló wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Irú ọ̀wọ̀ yẹn ni ẹ̀yin kò bù fún àwọn baba tiyín.

Àwọn mìíràn wà tí wọ́n kàwé ju àwọn oníwàásù lọ, síbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn burú ju tiwọn lọ. Wọ́n ti gbọ́ pé òkúta àrá àwọn òyìnbó jẹ́ belemnite, wọ́n wá ń sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹdùn àrá tiwa: eegun ẹran omi kan lásán tí àwa kò dá mọ̀. Irọ́ ni. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ẹdùn àrá rí mọ̀ pé kò rí bí ọta ìbọn. Ó fẹjú lẹ́nu, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdí, ẹnu rẹ̀ mú bíi ti àáké. Àpáta tó sì wà nísàlẹ̀ Ifẹ̀ àti Ìdànrè kò ní belemnite nínú, kò lè ní in. Ooru abẹ́ ilẹ̀ ló sè wọ́n, wọ́n sì ti dàgbà ju ẹran omi náà lọ fíìfíì. Ẹni tó ń fi aṣọ òyìnbó wọ ẹdùn àrá láì wò bóyá ó bá a mu, òun gan-an ni aláìmọ̀kan.

Àáké ni ẹdùn àrá. Mo mọ̀ pé ibí yìí gan-an ni ìjà wa wà. Ọwọ́ ènìyàn ló lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí ẹnu rẹ̀ fi mú, kí irin tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí Thurstan Shaw àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wa ilẹ̀ nínú Ihò Eléérú lẹ́bàá Ìsárùn, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, lọ́dún 1965, wọ́n rí egungun ènìyàn tó ti pẹ́ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún lọ, wọ́n sì rí irú àáké òkúta bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ìpele òkè. Àwọn òyìnbó náà ní irú àáké yìí nínú ilẹ̀ wọn, àrá ni wọ́n sì kọ́kọ́ pè é pẹ̀lú. Ọdún 1723 ni Antoine de Jussieu dìde níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé, tó fi wọ́n wé àáké tí àwọn ará Amẹ́ríkà ìgbà náà ṣì ń lò, tó sì sọ fún wọn pé àwọn baba àwọn fúnra wọn ló ṣe é.

Nígbà tí mo sọ èyí ní ìpàdé, ọ̀gbẹ́ni kan fọwọ́ lu tábìlì pé mo ti sọ ẹdùn dòkúta lásán. Mo bi í léèrè: ta ni Ṣàngó? Ṣé kì í ṣe ọba tó gun orí ìtẹ́ l'Ọ̀yọ́, tó jẹun, tó fẹ́ ìyàwó, tó bínú, kó tó di òrìṣà tí a ń fi orógbó bọ? Bí ènìyàn bá lè di òrìṣà, kí ló dé tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kò fi lè di ẹdùn? Alágbẹ̀dẹ kan tí kò tíì mọ irin lọ òkúta, ó fi ṣẹ́gi, ó kú, ilẹ̀ gba àáké rẹ̀ mọ́ra fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, òjò Ṣàngó sì gbẹ́ ilẹ̀, ó gbé e lé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá sọ pé kò sí ohun mímọ́ nínú èyí, ó kù sí i lọ́wọ́. Ẹ̀rù ìmọ̀ kò bà mí. Ìṣẹ̀ṣe tí yóò wó nítorí pé ẹnìkan la òkúta wò kì í ṣe èyí tí àwọn àgbà fà lé wa lọ́wọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọjà. Ẹnu kò pẹ́ kó tó dé etí ọ̀gbẹ́ni oníṣòwò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Nílùú Ọba, belemnite pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣà á sápò nígbà ìsinmi, owó táṣẹ́rẹ́ sì ni wọ́n ń tà á. Bí a bá gbé e gorí odó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a ya fọ́tò rẹ̀, kò ní pé tí yóò fi wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹdùn àrá tí Ìyá Ṣàngó súre sí ni. Àwọn ọmọ wa ní Kúbà tí ń wá piedra de rayo, àti àwọn ti Bùràsíílì tí ń wá pedra de raio, ni wọn yóò tà á fún. Àwọn wọ̀nyí tọ́jú Ṣàngó nínú oko ẹrú, lábẹ́ ẹgba. Ṣé àwa tó wà nílé ni yóò wá fi ìdí ẹran omi lu wọ́n ní jìbìtì?

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má ṣe rò pé mo fojú tín-ín-rín òkúta ọmọ náà. Ní ipò tirẹ̀, ó níyì. Lọ́dún 1951, Harold Urey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí belemnite tó wá láti Skye, erékùṣù omi ẹṣin tí mo sọ lókè. Wọ́n ha òrùka inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọn oríṣi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó wà nínú ohun tí wọ́n ha, wọ́n sì ti ibẹ̀ mọ bí omi tí ẹran náà gbé ṣe gbóná tó. Ó hàn pé lẹ́yìn ìgbà èwe rẹ̀, ẹran náà lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta àti ìgbà òtútù mẹ́rin. Belemnite mìíràn, láti ìpele ilẹ̀ Peedee ní South Carolina, di òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé fi ń wọn carbon. Wọ́n lò ó títí òkúta náà fi tán, òṣùwọ̀n náà sì ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Kí ló jẹ́ kí òkúta wọ̀nyí lè sọ̀rọ̀? Ẹni tó mú wọn mọ ibi tó ti mú wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlú wo, bèbè wo, ìpele wo, ọjọ́ wo. Belemnite tí kò ní ìwé pélébé yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun ìṣeré ni. Nígbà tí mo bi ọmọ wa léèrè ibi tó ti mú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mọ́kànlélógójì náà, mẹ́ta péré ni ó rántí. Mo sì ń ro ìwọ̀nba ẹdùn àrá tó ti jáde kúrò lójúbọ wa lọ sọ́wọ́ àwọn olùkójọ, tí kò sí ẹni tó kọ orúkọ oko, ti ìlú tàbí ti ìdílé sí wọn lára. Wọ́n wà nínú dígí níbìkan, wọ́n yadi.

Èyí tó tún burú ni pé a ní òkun àtijọ́ tiwa tí a kò yà sí. Ní Ewékorò àti Ṣágámù, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, ìsàlẹ̀ òkun ni nígbà kan rí. Ó kéré lọ́jọ́ orí sí belemnite, nítorí náà kò sí belemnite nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkarahun wà níbẹ̀, akàn wà níbẹ̀, eyín ẹja wà níbẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí a ti ń kó wọn sínú iná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń lọ wò ó. Àwa tí à ń kígbe àṣà kì í lọ. Ọmọ wa ní láti rìn dé Dorset kó tó mọ̀ pé òkun máa ń fi ìwé sílẹ̀ nínú òkúta. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn, kì í ṣe tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Jàkúta tó tẹ̀lé ìpàdé náà, mo mú ìwé àti kálàmù lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ṣàngó. Ẹdùn mẹ́wàá ló wà lórí odó wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá fún mi, ọkàn mi sì ti sọ pé wọn kò ní rántí. Wọn kò tilẹ̀ wo òkúta. Wọ́n ń fọwọ́ tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ orúkọ ẹni tó hú u, odò tó wà nítòsí ebè náà, irú iṣu tó wà nínú rẹ̀, òjò ọdún tí wọ́n bí ọmọ wo, àti ẹran tí wọ́n pa kí wọ́n tó gbé e wọlé. Mo kọ mẹ́fà tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Mẹ́rin tó kù wá láti agbo ilé ọkọ wọn. Wọ́n ní àwọn kò lè sọ tibẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ àwọn obìnrin tó ṣì wà láàyè. A ó jọ lọ bá wọn kí ọdún Ṣàngó tó wọlé. Belemnite mẹ́ta tí ọmọ wa rántí wà nínú àpótí dígí ní yàrá ìkàwé wa báyìí, pẹ̀lú orúkọ Charmouth, ọjọ́ tó ṣà wọ́n àti orúkọ tirẹ̀. Méjìdínlógójì tó kù, mo dá wọn padà fún un, ó sì ti ṣèlérí pé òun yóò mú ìwé dání bí òun bá tún lọ.